Ibi Tí Mo Dúró Sí ní Johannesburg

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó wá ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ mi n'Íléṣà tí kì í bi mí bí ìlú òyìnbó ṣe rí. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó pé Johannesburg kì í ṣe ìlú òyìnbó, ilẹ̀ adúláwọ̀ bíi tiwa ni. Wọ́n á ní ṣebí bàálù ni mo wọ̀ débẹ̀. Mo wá rí i pé kàkà kí n máa tún un sọ nídìí ààrò lójoojúmọ́, kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kà á, kí n lè ráyè po ìyẹ̀fun mi.

Kì í ṣe gbogbo yín lẹ mọ ohun tó gbé mi lọ. Mo lọ mú ọmọ mi wálé ni. Mọ́rẹ́nikẹ́ nìkan ni mo bí, ó sì ti pẹ́ lọ́hùn-ún. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó wá bá wa sin ín, ó tún padà, ilé wá tóbi mọ́ mi lára. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń ṣe ọmọlanke tí ẹnikẹ́ni kì í tì, tó ń darí ara rẹ̀ káàkiri inú ilé ìkẹ́rùsí, tó ń gbé páálí láti ẹ̀yìn wá síwájú. Àwọn onílé ìkẹ́rùsí kan ti gbà láti dán an wò. Bó bá yege, iṣẹ́ délẹ̀ nìyẹn, Mọ́rẹ́ á dúró. Bí kò bá yege, ohun tí wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ náà ró ti tán, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé òun á bá mi wálé. Ẹ má bínú sí mi. Mo gba ààwẹ̀ kí n tó lọ, ṣùgbọ́n mi ò gbàdúrà pé kó yege. Mo kàn ní kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ, mo sì ti mọ èyí tí mo fẹ́ kí Ọlọ́run fẹ́.

Igi tó ń tanná

Orí òkè ni ìlú náà wà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́ débi pé mo ń mí bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sẹ́yìn. Àsìkò tí mo dé ni igi kan tí wọ́n ń pè ní jakaráńdà ń tanná. Òdòdó rẹ̀ jọ àwọ̀ àlùkò, kò sí ewé láàárín rẹ̀, òdòdó nìkan ni láti òkè délẹ̀. Ó ń já bọ́ sórí títì, mọ́tò ń gun orí rẹ̀ kọjá láìdún. A gba abẹ́ rẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ inú mọ́tò yí padà, ọwọ́ mi àti ojú ọmọ mi di aláwọ̀ àlùkò.

Lọ́ọ̀ọ́kán mo rí òkè aláwọ̀ ìyeyè kan tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Mọ́rẹ́ ní kì í ṣe òkè tí Ọlọ́run dá. Ó ní yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde lábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá góòlù ni. Mo ń wò ó títí a fi kọjá rẹ̀. Ìlú tó kó inú ara rẹ̀ síta báyìí, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Oorun ọ̀sán ni mo kọ́kọ́ sùn nílé rẹ̀. Nígbà tí mo la ojú, mi ò mọ ibi tí mo wà. Mo na ọwọ́ òsì kí n fi kan ògiri, torí apá òsì ni ògiri wà nílé, ọwọ́ mi bọ́ sínú òfìfo. Mo fẹsẹ̀ wá bàtà mi, kò sí níbẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, yàrá Iléṣà àti yàrá Johannesburg wà lórí ara wọn, ìlẹ̀kùn wọn kò bára mu. Mo jókòó jẹ́ẹ́ títí ọ̀kan fi lọ.

Nígbà tí mo sọ fún Mọ́rẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí ọmọlanke òun máa ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó ní bí èèyàn bá gbé e nígbà tó ń sùn, tó lọ tan án níbòmíràn, ibi tó sùn sí ló máa kọ́kọ́ rò pé òun wà. Á máa wo ògiri tó wà níwájú rẹ̀, á máa fi wé èyí tó wà nínú orí rẹ̀, títí yóò fi rí igun tó bá igun mu. Mo bi í pé bí kò bá wá sí èyí tó bára mu ńkọ́. Ó ní á dúró. Mo ní ó gbọ́n ju ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa lọ nìyẹn.

Ọ̀wọ́n gógó

Lindiwe ni orúkọ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe ọmọlanke náà. Ọmọbìnrin Zulu ni, ó ga, kì í yára sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, ó mú wa lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Soweto, ó sì ní kí a wọ takisí kí n lè fojú rí ìlú. Bọ́ọ̀sì kékeré ni wọ́n ń pè ní takisí. Kò sí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń pariwo ibi tí wọ́n ń lọ. Ìka ni èrò fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá na ìka sókè, ìgboro ló ń lọ. Ẹni tó bá nà án sílẹ̀, ìtòsí ló fẹ́ dé. Èmi náà na tèmi, ọkọ̀ dúró, ó wú mi lórí. Lindiwe wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ìka tí mo nà, òdìkejì ibi tí à ń lọ ló ń júwe.

Nílé ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin kan wọlé, kò kúnlẹ̀, kò dúró, ó lọ jókòó tààrà kó tó kí mi. Inú bí mi. Mo ti ń wo Mọ́rẹ́ bí ẹni pé òun ló kọ́ ọmọ náà. Lindiwe ló ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọdé kì í dúró lé àgbà lórí, ó gbọ́dọ̀ tètè rẹlẹ̀ ni. Ọmọ náà wá gbé omi fún mi, ọwọ́ ọ̀tún ló fi mú ife, ó fi òsì di apá ọ̀tún mú, bí ẹni pé omi náà wúwo. Ìbínú mi tán. Ohun tí ọmọ tiwa fi orúnkún sọ, ìjókòó ni tiwọn fi ń sọ ọ́.

Bí wọ́n bá kí ọ, wọ́n á ní sawubona. Ó túmọ̀ sí pé a rí ọ. Àwa a máa kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a máa kí ẹni tó jókòó, a kí ẹni tí òtútù ń mú. Tiwọn, wọ́n kàn ń sọ fún ọ pé o wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí etí mi kò gbà ni Gogo tí wọ́n ń pè mí, ìyá àgbà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí a bá ti gbọ́ gógó, ọ̀wọ́n ló ṣáájú rẹ̀. Mo sọ fún Lindiwe pé bí mo ti di gógó báyìí, owó orí mi ti lọ sókè nìyẹn, kí wọ́n wá ọkọ tó tó bẹ́ẹ̀ fún mi.

Wọ́n fún wa ní páàpù, àgbàdo ni, ó le ju ẹ̀kọ wa lọ, ọbẹ̀ ẹ̀wà tó ń ta lẹ́nu ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Wọ́n fún wa ní magwinya. Mo já a, mo ní pọfupọfu rèé, ó kàn gbàgbé ṣúgà nílé ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé búrẹ́dì kan wá tí wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n wá ki ọ̀dùnkún díndín àti ẹyin bọ ihò náà. Kóta ni wọ́n ń pè é. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi búrẹ́dì sin ọkọ, tó fi búrẹ́dì rán ọmọ níwèé, ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo sọ fún Mọ́rẹ́ pé àjò ò lè dùn kí onílé má relé. Ó ń wo ojú fèrèsé. Ó ní, "Mọ́mì, ilé wo?" Kò bínú sọ ọ́ rárá. Ó ń béèrè ni.

Nínú ilé ìkẹ́rùsí

Ọjọ́ Sátidé ni ọmọlanke náà kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sórí. Oògùn ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílé, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, pẹpẹ tó kún fún páálí ga dé òrùlé, oòrùn ń ti inú ihò òrùlé sọ̀ kalẹ̀ sórí símẹ́ǹtì. Ọmọlanke náà kò ga ju ewúrẹ́ lọ. Níwájú rẹ̀, ní ìwọ̀n ojúgun èèyàn, ohun kan wà tó ń yí bírí. Ojú rẹ̀ nìyẹn.

Mọ́rẹ́ ṣàlàyé fún mi pé ojú náà ń ta ìmọ́lẹ̀ tí àwa kò lè rí. Ìmọ́lẹ̀ á lọ kan ògiri, á padà. Bó bá tètè dé, ògiri wà nítòsí. Bó bá pẹ́, ó jìnnà. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ibi tí ọmọlanke kò tíì dé, àwọ̀ eérú ni. Ibi tó ti rí pé ó ṣófo, funfun. Ohun tó dúró, dúdú. Mo rí i tí ilé náà ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú eérú, bí kùrukùru ṣe ń ká kúrò lára òkè lówùúrọ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé mo fẹ́ kí nǹkan náà kùnà.

Ó ní ìṣòro ibẹ̀ ni pé kó tó lè ya ilé, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òun dúró sí. Kó sì tó mọ ibi tí òun dúró sí, ó gbọ́dọ̀ ti ya ilé. Mo ní báwo ló ṣe wá ń ṣe é. Ó ní ó ń ṣe méjèèjì pọ̀ ni, ó ń ṣì í, ó ń tún un ṣe. Taya rẹ̀ ń ka ìrìn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá yọ̀, taya á yí lásán, á rò pé òun ti lọ. Ìgbà náà ni yóò wo ògiri, yóò rí i pé òun kò tíì kúrò lójú kan. Mo ní ojú ni àlejò ní, kò fi ríran, àfi bí ẹni pé ọmọlanke yìí ni wọ́n pa òwe náà fún. Ó ní ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ òun, láti kọ́ àlejò kó fi ojú rẹ̀ ríran.

Mo tún bi í léèrè nípa èèyàn. Ó ní ẹsẹ̀ lọmọlanke ń rí. Bó bá ti rí òbìrí kékeré méjì tó sún mọ́ ara wọn, á mọ̀ pé èèyàn ni, kò ní kọ ọ́ mọ́ ilé, nítorí èèyàn kì í gbé ojú kan.

Lẹ́yìn náà, òun àti Lindiwe gbé mọ́tò lọ ra oúnjẹ, wọ́n fi mí sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì kékeré pẹ̀lú tíì, ọmọlanke sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Kò pẹ́, Mọ́rẹ́ pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jáde, ẹ dúró dè mí níbi rọ́bọ́ọ̀tì, mo ti ń bọ̀."

Ọmọlanke tí mo ń pè ní ọmọlanke yìí, rọ́bọ́ọ̀tì ni Mọ́rẹ́ ń pè é látọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Mo jáde ní ọ́fíìsì, mo wá a lọ sáàárín pẹpẹ. Mo bá a létí ọ̀nà tóóró kan, níbi tí wọ́n gbé ike pupa tí wọ́n fi ń paná kọ́ sára ògiri. Mo dúró síbẹ̀, mo tún ìró mi ró kó má wọ́lẹ̀. Ọmọlanke náà dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró, ojú rẹ̀ ń yí. Ó lọ. Ó tún padà wá wò mí láti apá kejì. Mo ní sawubona. Kò dáhùn, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ó rí mi, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sì dùn mọ́ mi débi pé bí wọ́n bá ní kí n dúró di ìrọ̀lẹ́, mi ò ní kọ̀. Fóònù tún dún. Mọ́rẹ́ ní òun ti dúró síta tipẹ́, níbo ni mo wà. Ojú tì mí, mo ní mo wà nílé ìtọ̀.

Igun Hillbrow

Ní Hillbrow, àdúgbò kan láàárín ìgboro, ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà. Ilé gogoro ló kún ibẹ̀, aṣọ ń gbẹ lójú fèrèsé dé òkè, ọ̀rọ̀ Yorùbá sì ń ta sí ọ létí láàárín èrò bí ẹni pé ẹnì kan ń pè ọ́ lójú oorun. Mo lọ di irun lọ́dọ̀ Ìyá Káfáyà, ará Ìkirè. Ó gba báàgì mi lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó ní Mọ́mì, níbí, ẹ má fi fóònù sọ́wọ́ rìn, ẹ sì má dúró láàárín títì bí ẹni tó sọnù.

Ó ń júwe ṣọ́ọ̀bù tí mo ti lè ra iṣu fún mi, ó ní kí n yà sọ́tùn-ún ní rọ́bọ́ọ̀tì kejì. Mo ní ṣé àwọn rọ́bọ́ọ̀tì náà máa ń dúró sójú títì ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní iná ojú títì ni, pupa ní kí o dúró, àwọ̀ ewéko ní kí o lọ, òun ni gbogbo ìlú ń pè ní rọ́bọ́ọ̀tì. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò sọ ìdí tí mo fi béèrè. Mi ò sì sọ fún Mọ́rẹ́. Èmi tí mo ti ń bá a jà pé kó wálé kó wá gbọ́n, mi ò lè jẹ́ kó mọ̀ pé mo dúró ti ẹ̀rọ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Kí n tó dìde, Ìyá Káfáyà sọ nǹkan kan tí mi ò gbàgbé. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó ti bímọ síbẹ̀, síbẹ̀ bí ariwo pé kí àlejò máa lọ bá ti sọ nígboro, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tì. Ó ní òun mọ gbogbo igun Hillbrow, ṣùgbọ́n igun Hillbrow kò mọ òun. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, mo fi ń lá àlá. Mo rò pé mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo máa fi borí ọmọ mi.

Ọjọ́ ìdánwò

Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn onílé ìkẹ́rùsí ń bọ̀, wọ́n kọ́kọ́ dán ọmọlanke wò láàárín ara wọn. Ó gbé páálí, ó rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, ó yí igun bí ẹni tó dàgbà síbẹ̀. Nígbà tó dé etí ọ̀nà tóóró, ó dúró. Ojú rẹ̀ yí títí. Ó padà sẹ́yìn. Wọ́n tún un ṣe, ó tún dúró síbì kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀.

Mọ́rẹ́ ṣí kọ̀ǹpútà. Nínú máàpù ilé tí ọmọlanke yà lọ́jọ́ Sátidé, létí ọ̀nà náà, nǹkan dúdú róbótó kan wà bí òpó, ó dí ọ̀nà pa. Lindiwe ní eish, bí àwa ṣe ń ní háà, kí wọ́n kàn pa á rẹ́. Mọ́rẹ́ kọ̀. Ó ní òpó irú èyí wà nípẹ̀kun gbọ̀ngàn. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni ọmọlanke yà síbí, a jẹ́ pé ó ti sọnù nígbà tó ń ya ilé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá pẹpẹ kankan wà níbi tó sọ pé ó wà. Àwọn èèyàn ń ṣiṣẹ́ láàárín pẹpẹ wọ̀nyẹn. Kò sí àyè láti tún máàpù yà, òun ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà lé ohun tí kò dá òun lójú. Bí wọ́n bá dé, òun á sọ òótọ́ fún wọn, kó parí síbẹ̀.

Ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ó jọ pé a jọ ń lọ sílé."

Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ti ń ro yàrá rẹ̀, mo ti ń ro ẹni tó máa bá mi kun ògiri rẹ̀. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, mo rí ike pupa ìpaná lára ògiri, létí ọ̀nà tóóró náà. Mo wo ìró ara mi. Ìró kò fi ẹsẹ̀ hàn. Ẹni tó wọ ṣòkòtò ní òbìrí méjì, èmi ní ẹyọ kan ṣoṣo tó nípọn.

Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀, kò sì sẹ́ni tó bi mí. Bí mo bá pa ẹnu mọ́, bàálù kan náà ló máa gbé wa. Mo wò wọ́n. Orí àga kan ni àwọn méjèèjì fún ara wọn sí, ọwọ́ Lindiwe wà lẹ́yìn ọmọ mi. Mọ́rẹ́ dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọlanke, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu ojú rẹ̀ bóyá eruku ló wà níbẹ̀. Ó ń nù ún bí mo ṣe máa ń nu ojú tirẹ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Mi ò lè wò ó.

Mo ní, "Mọ́rẹ́, òpó kọ́. Èmi ni."

Kò yé wọn. Mo rìn lọ, mo dúró síbi ike pupa, mo tún ìró mi ró bíi ti ọjọ́ náà, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì. Lindiwe yí kọ̀ǹpútà kí n lè rí i: ohun tí ọmọlanke ń rí lójú ẹsẹ̀ bọ́ sórí nǹkan dúdú náà gẹ́lẹ́, kò ṣẹ́ kù síbì kan. Ọmọlanke kò sọnù rárá. Ó mọ ibi tó wà, ó sì mọ ibi tí mo wà. Lindiwe rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú rẹ̀. Mọ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí, mo sì mọ̀ pé ó ti mọ ohun tí mo yááfì.

Ó ní, "Ṣé kí n pa á rẹ́, Mọ́mì?"

Mo ní, "Pa mí rẹ́, kí ọ̀nà lè là."

Ó fi ìka kan tẹ kọ̀ǹpútà, ibi tí mo wà di funfun.

Àwọn onílé ìkẹ́rùsí dé. Mo ti lọ fara ti ògiri pẹ̀lú báàgì mi. Ọmọlanke gbé páálí, ó yí igun, ó dé etí ọ̀nà tóóró, ó sì gba ibi tí mo dúró sí kọjá, kò tilẹ̀ rọra. Ó dùn mí. Orí mi sì wú. Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, ẹnì kan ní shap, pé ó dára, ẹnì kan ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe Mọ́rẹ́ kó wá bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀.

Ó la àárín wọn kọjá, ó wá síbi tí mo wà, ó sì kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì pẹ̀lú orúnkún méjèèjì, níwájú gbogbo wọn. Kò sí nínú wọn tó mọ ìdí rẹ̀. Mo gbé e dìde. Mo gbọn eruku lórúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Mo ní kó lọ, àwọn èèyàn rẹ̀ ń pè é.